Nọ́ńbà Ara Páálí Rííìdì Kì í Ṣe Oyè

Bí ìsìn bá parí lọ́jọ́ Ìsinmi, tí àwọn onífèrè ń palẹ̀ irinṣẹ́ wọn mọ́, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde, ì báà jẹ́ ní Yábàá tàbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó: "Nọ́ńbà wo lẹ̀ ń lò?" Rííìdì kíláríńẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè, ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó ń lo méjì ààbọ̀ á rọra sọ ọ́ lábẹ́ ètè. Ẹni tó ń lo mẹ́rin á sọ tirẹ̀ kí gbogbo èèyàn gbọ́. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n dúró tì wọ́n, á wá gbà pé bí rííìdì bá ṣe le tó ni ohùn ṣe ń dùn tó. Wọ́n á fowó oúnjẹ ra èyí tó le jù, wọ́n á máa fọn ún títí ojú wọn á fi pọ́n, afẹ́fẹ́ ṣáá ni yóò sì máa jáde.

Èmi ò bá wọn gbà á. Èémí àti bí ẹnu ṣe di fèrè mú ló ń mú kí ohùn dùn. Iṣẹ́ rííìdì ni pé kó má dí àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Kó tó yé wa dáadáa, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wí.

Koríko gíga kan tó jọ ọparun ni wọ́n fi ń ṣe rííìdì. Arundo donax ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Èyí tó lókìkí jù ń wá láti àgbègbè Var ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Bó bá ti lo bí ọdún méjì lóko, wọ́n á gé e nígbà òtútù, wọ́n á sá a sóòrùn títí àwọ̀ ewé á fi kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì tún tọ́jú u fúngbà pípẹ́ kí wọ́n tó là á. Wọ́n á wá bẹ́ ẹ títí etí rẹ̀ òkè ò fi ní nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Etí yẹn ló ń gbọ̀n. Bí ẹ bá fọn nóòtì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lórí kíláríńẹ́ẹ̀tì B-flat, irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, etí rííìdì á máa ṣí, á máa pa dé, ní bí ìgbà 147 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n yẹn ló ń ti afẹ́fẹ́ inú fèrè tí afẹ́fẹ́ náà fi ń kọrin.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí rííìdì bá ṣe nípọn sí ni nọ́ńbà rẹ̀ ń ga sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín irú rííìdì kan náà láti ilé iṣẹ́ kan náà, bákan náà ni ẹ̀rọ ṣe ń gé nọ́ńbà 2 àti nọ́ńbà 4. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni koríko náà fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀kan máa ń le ju èkejì lọ láti inú oko. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán, ẹ̀rọ mìíràn á tẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí líle rẹ̀ bá bọ́ sí ni wọ́n á fi nọ́ńbà sí. Ìdí nìyí tí àwọn rííìdì inú páálí kan ṣoṣo kì í fi í ṣe bákan náà. Wọ́n lè kọ 3 sára gbogbo wọn, kí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tó 2½, kí òmíràn sì súnmọ́ 3½. Bí ẹ bá ki rííìdì tuntun kan bọ̀ ọ́, tí kò dáhùn, ẹ má tíì bú fèrè, ẹ má sì tíì bú ara yín. Ẹ gbé èkejì wò.

Oníkálukú ló tún ń lo òṣùwọ̀n tirẹ̀. Nọ́ńbà 2½ ti Vandoren, ilé iṣẹ́ Faransé tó ti wà láti 1905, fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó nọ́ńbà 3 ti Rico, tí D'Addario ní Amẹ́ríkà ń ṣe. Nítorí náà, ẹni méjì lè máa bára wọn jiyàn lórí 2½ àti 3, kó jẹ́ pé líle kan náà ni wọ́n fi sẹ́nu. Bí ẹnì kan bá sọ nọ́ńbà fún yín láìdárúkọ ilé iṣẹ́, kò tíì sọ nǹkan kan. Àwọn tó ń tú páálí tí wọ́n ń tà á lẹ́yọ ẹyọ náà ńkọ́? Ẹ rí i pé orúkọ àti nọ́ńbà ṣì hàn lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé etí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ wò bóyá ó ti ya.

Àmọ́ kókó ọ̀rọ̀ wà lára mouthpiece, ìyẹn orí fèrè tí à ń fi sẹ́nu, tí rííìdì wà lára rẹ̀. Láàárín etí rẹ̀ àti etí rííìdì, àlàfo tín-ín-rín kan wà tí èémí ń gbà wọlé. Lórí B45 ti Vandoren, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kárí ayé mọ̀, àlàfo yẹn jẹ́ mìlímítà 1.195. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn ò ju bíi mìlímítà kan lọ. Ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ètè mọ̀ ọ́n. Ibi tí àlàfo bá ti gbòòrò, rííìdì ní láti rìn jìnnà kó tó dé ara mouthpiece, nítorí náà rííìdì tó rọ̀ ló bá a mu. Ibi tí àlàfo bá ti há, èyí tó le díẹ̀ ni kò ní tètè pa dé mọ́ èémí. Onífèrè àgbà kan lè máa lo nọ́ńbà 4 lórí mouthpiece tó há, kí ó sì jẹ́ pé ó rọrùn fún un ju nọ́ńbà 3 tiyín lọ lórí B45. Nọ́ńbà rííìdì ò yàtọ̀ sí nọ́ńbà bàtà: kò sẹ́ni tó ń yangàn pé 45 lòun ń wọ̀. Ẹsẹ̀ ló ń sọ nọ́ńbà. Níbí, mouthpiece àti ẹnu ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ló yá wa ní fèrè tí a fi kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú mouthpiece tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtàn rẹ̀. Bí eyín àwọn tó ti lò ó bá ti gbẹ́ ihò sórí rẹ̀, tàbí bí etí rẹ̀ bá ti kán díẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó máa tún un ṣe. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra mouthpiece tó dáa kẹ́ ẹ tó ronú fèrè tuntun. Mo mọ̀ pé fèrè dídán ló ń wu ojú, ṣùgbọ́n ojú kọ́ ló ń gbọ́ ohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 tàbí 2½, kẹ́ ẹ má sì gòkè ju ààbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó àkókò? Fèrè á sọ fún yín. Bí rííìdì bá ti rọ̀ jù, ohùn á tẹ́ẹ́rẹ́, á máa kùn, nóòtì òkè á máa sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, bẹ́ ẹ bá sì fọn kíkan, rííìdì á lẹ̀ mọ́ mouthpiece, ohùn á dákẹ́ lójijì. Bó bá ti le jù, ẹ óò máa gbọ́ ṣíṣì ṣíṣì lẹ́yìn gbogbo nóòtì, ẹ ò ní lè fọn jẹ́jẹ́, ètè ìsàlẹ̀ á sì ti máa dun yín kí orin kẹta tó parí. Èyí tí ò le jù tí ò rọ̀ jù náà ṣì ṣeé tún ṣe díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sún rííìdì sókè ní bí ìnípọn irun kan, á le sí i. Bẹ́ ẹ bá sún un wálẹ̀, á rọ̀. Ẹ yọ barrel, ìyẹn ọrùn kúkúrú tó tẹ̀ lé mouthpiece, kúrò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìdí mouthpiece, kẹ́ ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mu, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ lẹ́nu. Bí rííìdì bá lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó ta pó, ó jókòó dáadáa. Bí kò bá lẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ohùn ò sì lè mọ́ bọ̀rọ̀.

Ó di ọ̀rọ̀ ẹnu wàyí. Ní ìlú Èkó, saxophone ló gbòde, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tó ń fọn kíláríńẹ́ẹ̀tì ti wá. Wọ́n á gbé ẹnu saxophone wá síbí, ohùn á sì rẹ̀ wálẹ̀. Ohun èlò méjèèjì jọ ń lo rííìdì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n inú wọn yàtọ̀. Saxophone ń gbòòrò láti òkè lọ sísàlẹ̀. Ihò kíláríńẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe dọ́gba láti òkè títí dé ibi tó ti fẹ̀ lẹ́nu ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá tẹ kọ́kọ́rọ́ òkè lórí saxophone, nóòtì kan náà lẹ óò bá nígbà tẹ́ ẹ bá ka mẹ́jọ sókè, ṣùgbọ́n lórí kíláríńẹ́ẹ̀tì, méjìlá lẹ óò kà. C ìsàlẹ̀ á fò lọ sórí G. Inú yẹn kan náà ló fún un ní ohùn tó jìn, tó ṣókùnkùn, nísàlẹ̀.

Áàpù tuner lórí fóònù, èyí tó ń fi nóòtì tẹ́ ẹ fọn hàn, tó láti fi wádìí ẹnu yín. Ẹ fọn mouthpiece nìkan, láìsí fèrè lábẹ́ rẹ̀, kíkan, kẹ́ ẹ sì wo ojú fóònù. Lórí kíláríńẹ́ẹ̀tì, C tó ga ló yẹ kẹ́ ẹ rí, bí a bá ń fi ohùn dùùrù wọ̀n ọ́n. Bẹ́ ẹ bá fi barrel kún un, F-sharp ni. Mouthpiece alto saxophone ní tirẹ̀, A ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fojú sùn, ó sì rẹlẹ̀ ju C lọ. Nítorí náà, bí tiyín bá ń fi B tàbí A hàn, ẹnu saxophone lẹ gbé wá, ó ti dẹ̀ jù fún iṣẹ́ yìí.

Bí a ṣe ń tún un ṣe wà nínú èdè wa. Ẹ pe "i" bíi ti "ilé", kẹ́ ẹ dá a dúró sẹ́nu. Ẹ wá pe "ọ" bíi ti "ọmọ". Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ẹ̀yìn ahọ́n wà nígbà méjèèjì. "I" ni kíláríńẹ́ẹ̀tì ń fẹ́: ahọ́n sókè, èémí á gba ojú ọ̀nà tóóró, á sì yára. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Bó bá gbóná, ó ti lọ́ra jù, bó bá tutù, òun la ń wá. Eyín òkè á jókòó lórí mouthpiece, ètè ìsàlẹ̀ á bo eyín ìsàlẹ̀ díẹ̀, àgbọ̀n á nà sílẹ̀, igun ẹnu méjèèjì á fún mọ́ àárín. Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má wú.

Báwo ló ṣe yẹ kó wọlé tó? Ẹ mú bébà pẹlẹbẹ kan, ẹ fi bọ àárín rííìdì àti mouthpiece láti òkè, ẹ fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́ títí á fi há. Ibi tó bá há sí ni rííìdì ti fi mouthpiece sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ètè ìsàlẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ tó ń fi díẹ̀ sẹ́nu ń pa ohùn ara wọn lẹ́nu ni. Àwọn kan tún wà tó ń bu rííìdì jẹ. Wọ́n fẹ́ kí nóòtì òkè jáde, wọ́n á fi párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́, nóòtì á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n tín-ín-rín ni, á sì ga ju ibi tó yẹ lọ. Àwọn wọ̀nyí náà ló ń ra nọ́ńbà 4, torí pé rííìdì tó rọ̀ ń pa dé mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n rò pé àwọn ti dàgbà ju nọ́ńbà 2½ lọ. Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ìdánrawò tó ń wo èyí sàn kò wu èèyàn. Nóòtì gígùn ni. Ẹ yan nóòtì kan nísàlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ gbé e ga fún ìkà mẹ́jọ, ẹ rọra gbé e wálẹ̀ fún mẹ́jọ mìíràn, láìjẹ́ kí ọwọ́ tuner mì. Bó bá mì nígbà tí ohùn ń lọ sílẹ̀, ikùn ti jáwọ́, ètè ló ń dá ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọn C ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa, kẹ́ ẹ wá tẹ kọ́kọ́rọ́ tí àtàǹpàkò òsì ń tẹ̀ láìyí ohunkóhun padà lẹ́nu. Ó yẹ kí G òkè jáde fúnra rẹ̀, kó mọ́, kó sì kún bíi C tó ti wá. Bẹ́ ẹ bá ní láti ṣe nǹkan kan ní ètè kó tó jáde, ẹnu tẹ́ ẹ fi fọn C ni kò tọ́. Mo fẹ́ràn ìdánrawò yìí ju gbogbo yòókù lọ, torí pé kò ṣeé fi ọgbọ́n bò.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá kọjú-sí-mi lè máa ronú àwọn ará ilé, ó sì tọ̀nà. Nóòtì kan tí kò yí padà ń bí èèyàn nínú ju orin tí ò dùn lọ. Gbọ̀ngàn ìjọ lẹ́yìn ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ dáa, ẹ óò sì gbọ́ bí ohùn yín ṣe ń rìn nínú yàrá ńlá. Ẹ gbé fóònù jìnnà, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀. Ohun tó ń dé etí ẹni tó ń fọn ń gba inú egungun eyín àti agbárí kọjá, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ará iwájú ń gbọ́.

Ẹni tó bá ń rò pé òun ti dàgbà jù fún irú èyí, kó rántí Benny Goodman, ará Amẹ́ríkà tó ń fọn kíláríńẹ́ẹ̀tì jazz. Wọ́n bí i ní 1909, òkìkí rẹ̀ ti kárí ayé nígbà tó lọ bá Reginald Kell, onífèrè kíláríńẹ́ẹ̀tì ará Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 1949, pé kó kọ́ òun. Ó yí ẹnu rẹ̀ padà pátápátá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètè òkè náà bo eyín, ó sì di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìbéèrè kan tún wà tí a kì í bi ara wa: èwo ló ń jẹ́ ohùn tó dùn? Kell máa ń mi ohùn rẹ̀ bí akọrin. Ọ̀pọ̀ onífèrè orin kíláásíkà ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí kíláríńẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Jámánì fẹ́ ohùn tó ṣókùnkùn, tó há mọ́ra. Àwọn Faransé fẹ́ èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀. Fún orin ìyìn Yorùbá, ní èrò tèmi, ohùn tó súnmọ́ ti ènìyàn ló yẹ wá, torí pé ọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń gbọ́ ń bá fèrè kọ lọ́kàn. Ẹ yan ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ wù yín, ẹ máa tẹ́tí sí i. Etí tí kò mọ ohun tó ń wá ò lè darí ètè.

Nóòtì mẹ́rin kan wà láàárín, láti G dé B-flat, tí ohùn wọn á rọ lọ́wọ́ gbogbo wa, torí pé apá kúkúrú lára fèrè ni wọ́n ń lò. Ẹ fi ìka ọ̀tún méjì tàbí mẹ́ta dí ihò ìsàlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọn A tàbí B-flat. Ohùn á kún sí i. Ẹ dán onírúurú ìka wò, torí pé fèrè kọ̀ọ̀kan ní èyí tó fẹ́.

Ojú ọjọ́ Èkó ò mọ rííìdì lójú. Nígbà òjò, ọ̀rinrin ò jẹ́ kó gbẹ, á hu funfun bẹ́ ẹ bá tì í mọ́ àpótí lẹ́yìn lílò. Nígbà ọyẹ́, láàárín Disẹ́ńbà sí Fẹ́búrárì, etí rẹ̀ á ká bíi ìgbì. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára mouthpiece ní gbàrà tẹ́ ẹ bá ti fọn tán, ẹ nu ún, ẹ tẹ́ ẹ sórí ohun tó tẹ́jú nínú àpótí rẹ̀. Tuntun ò yẹ kó ju ìṣẹ́jú bíi márùn-ún lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí mẹ́rin sì máa yípo ara wọn, kí ọ̀kan má ṣe dá iṣẹ́ ṣe. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ká, ẹ fi sáńpépà 600 sórí dígí, ẹ rọra fi ẹ̀yìn náà ha á. Rííìdì oníke, bíi ti Légère tí wọ́n ń ṣe ní Kánádà, kò nílò omi, ọyẹ́ ò sì rí i gbé ṣe. Ẹyọ kan wọ́n ju páálí mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó ń fọn láti inú gbọ̀ngàn oní-AC ní Oníkan bọ́ sábẹ́ kánópì ìgbéyàwó lójú oòrùn á rí èrè rẹ̀. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń gbé gbogbo fèrè ga, torí pé ìró ń yára nínú afẹ́fẹ́ tó gbóná, kẹ́ ẹ fa barrel síta díẹ̀.

Fèrè onígi ní láti ṣọ́ra sí i. Igi dúdú tí wọ́n fi ń ṣe é, Dalbergia melanoxylon, Tanzania àti Mozambique ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Ó fi Áfíríkà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtì igi, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ò lè rà. Ẹ má gbé e jáde láti inú AC kẹ́ ẹ sì fẹ́ èémí gbígbóná sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó lè sán. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ mú un kó móoru. Oníke ò ní wàhálà yìí, mi ò sì rò pé ẹni tó jókòó ní ìlà kẹta máa mọ ìyàtọ̀.

Ligature, ìyẹn ìdè tó di rííìdì mọ́ mouthpiece, ni wọ́n máa ń bi mí gbẹ̀yìn, torí pé àwọn kan ń pọ́n wúrà sára rẹ̀. Ní Jámánì, okùn lásán ni àwọn onífèrè kan ṣì ń wé mọ́ ọn títí dòní. Bí tiyín bá ti di rííìdì mú láìfún un pa, owó tó kù yẹn tó ra páálí rííìdì kan.